Àtẹ̀gùn Tí Mo Fò

Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló gun àpáta dé ilé wa ní Ìkìjà,
bàbá ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ẹ.
"Má fo ọ̀kankan. Itan ni yóò rò fún ọ lọ́jọ́ alẹ́."
Mo ń fo ìkeje lójoojúmọ́.
Ta ní í ka àtẹ̀gùn nígbà tí ebi bá ń pa á?

SS2 ni mo wà tí Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ká mi mọ́
ibi tí mo ti ń yanjú ìṣirò àwọn àgbà kíláàsì
sẹ́yìn páálí bisikíìtì.
Kò bínú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì nù ún,
ó ní, "Fadérera, kí lo tún ń dúró dè níbí?"

Màmá mi, tó ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ìdajì ọmọ Abẹ́òkúta,
ti gé ti SS3 mi sílẹ̀,
ó ti ká ínṣì méjì sétí rẹ̀ nítorí gíga tí mo máa ga.
Kò sọ̀rọ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu,
ó tẹ́ aṣọ náà sábẹ́ ẹ̀rọ bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn.
Lọ́jọ́ kejì, àjọ oṣù mẹ́ta di owó GCE.

Ní gbọ̀ngàn ìdánwò ní Kútọ̀,
ọkùnrin onírùngbọ̀n ló jókòó níwájú mi;
lẹ́yìn mi, ìyá kan ń fọ́mọ lọ́mú
kí wọ́n tó ní ká ṣí ìwé.
Ó ní, "Ìgbà kẹrin mi rèé. Ìwọ ńkọ́, ta ló ń lé ọ?"
Mo wá èsì títí.
Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo fi sílẹ̀ láìdáhùn lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Èsì jáde, ó dára. JAMB jáde, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀.
Mo di akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti oṣù méje.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́:
àwọn nǹkan wà tí n ò rò mọ́ ìṣirò náà.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta orí nínú gbọ̀ngàn kan,
kò séyìí tó mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ̀wé.
Àwọn tá a jọ ń ṣe lábù ń pè mí ní Kékeré;
bí mo bá dé, ọ̀rọ̀ á dákẹ́.
Ìdánwò fisíìsì àkọ́kọ́: mọ́kànlá nínú ọgbọ̀n.
Mo ṣẹ́ ìwé náà sí mẹ́rin, mo tì í sínú bàtà.
Bọ́ọ̀sì wa sì ń gba iwájú ilé ìwé wa àtijọ́ kọjá
lásìkò àdúrà òwúrọ̀ gan-an.
Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń wá owó tó jábọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ WAEC tán,
wọ́n ń kọ orúkọ sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun ara wọn,
bírò pupa, bírò dúdú, ariwo dé Ìbàrà.
Mo dúró lẹ́bàá géètì tèmi tàpò ìwé.
Mosúnmọ́lá ló rí mi, ẹni tá a jọ jókòó fọ́dún márùn-ún.
Ó kẹ̀yìn sí mi. Mo rò pé ó ń bínú.
Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún fọ́fọ́, àfi èjìká òsì,
níbi tó ti fa róbótó kan sí kó tó wọ̀ ọ́.
"Tìrẹ nìyẹn. Mo ti bá èèyàn mẹ́ta jà lé e lórí."
Èmi tí mo kọ pépà mẹ́sàn-án láìmikàn,
bírò gbọ̀n lọ́wọ́ mi.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: Bẹ́ǹṣì kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ àtẹ̀gùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan.
Lórí ìkeje, ipa ẹsẹ̀ ọmọdé kan wà nínú síméǹtì.
Màmá ní tòun ni. Ó ní, ṣé n ò rí i rí ni?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tún fò ó.
Bọ́ọ̀sì Àlàbàtà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.